Màmá Tazuko Minakuchi, Òṣèré Tí Wọn Kò Gba Ẹkún Rẹ̀ Gbọ́

Ìlú Onomichi, létí òkun, ni a ti bí Màmá wa, Tazuko, ní ọdún 1905, sínú ìdílé Kuwabara. Bàbá wọn a máa rán ìgbòkun ọkọ̀. Ìyá wọn a máa fi iyọ̀ pa ẹja. Nígbà tí wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí Kyoto.

Ní ọdún 1923, wọ́n di òṣèré nínú sinimá tí kò ní ohùn. Bí Màmá bá ń sunkún níbẹ̀, òǹwòran a máa sun ún tẹ̀lé wọn. Ẹkún yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Seiichirō Minakuchi, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, ní ọdún 1929. Ìyá ọkọ wọn, Màmá Àgbà Fusa, a máa wí pé: "Ẹni tó ń fi omijé jẹun, èwo la fẹ́ gbàgbọ́ nínú tirẹ̀?"

Ní ọdún 1931, ìrọbí mú Màmá ṣáájú àkókò. Màmá Àgbà ń fọ ìrẹsì.

"Ẹ gbà mí, Màmá! Ọmọ ń bọ̀!"

"Dìde jàre! Kò sí kámẹ́rà níbí."

Ilẹ̀ ilé ìdáná ni wọ́n bí Kōhei, ọmọ wọn ọkùnrin, sí, kí agbẹ̀bí tó dé. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò rí omijé Màmá mọ́. Ni ìfura bá tún lé sí i: obìnrin tí kì í sunkún, kí ló ń fi pa mọ́?

Nígbà tí ohùn wọ inú sinimá, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ìtàn ìfẹ́ ni ìwé wọn àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 1936. Bàbá kà á tán, wọ́n sì fura sí òṣèré kan tí òun àti Màmá jọ ṣeré rí.

"Ta ni ọkùnrin inú ìwé yìí?"

"Ẹ̀yin ni, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mi."

Bàbá kò gbà.

Ní ọdún 1952, wọ́n tún ń fi ọ̀kan nínú sinimá Màmá hàn ní Kyoto. Bàbá, tí kò wo ìkankan rí, dá lọ. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọn kò tíì bọ́ bàtà tán tí wọ́n fi sọ pé: "Tazuko, ẹkún ibẹ̀ yẹn kò jọ tìrẹ o. Imú rẹ kò wú rárá, bó ṣe máa ń wú bí o bá ń sunkún lóòótọ́."

Màmá bú sẹ́kún. Àwa ọmọ pàápàá yọjú wo imú wọn. Ó wú.

Bàbá ṣaláìsí ní ọdún 1964. Màmá ń kọ̀wé lọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn opó àdúgbò ní ìwé kíkà nínú ọgbà tẹ́ńpìlì. Nígbà tí wọ́n dákẹ́ ní oṣù kọkànlá, ọdún 1988, Natsue, ọmọ wọn obìnrin, kò jẹ́ kí a tètè pa wọ́n lójú dé. Ó ní ká ṣì máa wò ná, bóyá eré ni wọ́n ń ṣe.

Wọ́n fi Kōhei àti Natsue sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Kí Amida, aláàánú tí à ń ké pè ní tẹ́ńpìlì, fi ọwọ́ méjèèjì gbà yín, ọmọ Kuwabara. Kí ọ̀nà yín mọ́lẹ̀.