Ta Ló Ni Àwo Kejì?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájà. Láti ìlú òyìnbó tí mo wà yìí, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, bí ẹ̀yìn ríro ò tilẹ̀ jẹ́ kí n lè dọ̀bálẹ̀ dáadáa mọ́. Mo kí gbogbo àgbà ilé wa ní Erúnmu. Mo kí àwọn ìyàwó ilé. Mo kí Ràṣídì àbúrò wa, òun náà tó sọ̀rọ̀ jù. Ẹ kú ìnáwó fídáù ọdún kan ìyàwó mi. Mo gbọ́ pé oúnjẹ tó, mo gbọ́ pé àwọn àlùfáà pọ̀. Ẹ ṣeun.

Èmi ò mọ̀wé, ẹ mọ̀. Ṣèrífátù ọmọ mi ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kó má tún un ṣe, kó má sì yọ nǹkan kan kúrò. Mo fẹ́ kí wọ́n kà á sókè nínú àgbàlá, kí gbogbo ẹbí gbọ́, nítorí nínú àgbàlá náà ni wọ́n ti gbé àwòrán mi kiri.

Mo gbọ́ bó ṣe lọ. Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí Ṣèrífátù. Wọ́n ní àwọn àlùfáà ò tíì jẹun tán nígbà tí Ràṣídì yọ fóònù, tó ní kí gbogbo ayé wá wo bàbá tó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, tí kò lè wá síbi àdúrà ìyàwó rẹ̀. Èmi rèé nínú ọkọ̀ ojú omi, fìlà pépà lórí, ẹran níwájú. Ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa, àwo méjì ló wà lórí tábìlì, ife méjì, àga méjì. Ó ní obìnrin òyìnbó tó ni àwo kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ fọwọ́ ni. Ìyàwó ilé kan ní bóyá obìnrin òyìnbó náà ló dé fìlà yẹn fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní àyè tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún mi níwájú sàréè Mútíátù, kí Ràṣídì máa kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ síbẹ̀, pé ẹni tó ti ríbòmíràn sùn kò nílò rẹ̀ mọ́.

Àlàájà, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ràṣídì. Ìdí tí mo fi ń dáhùn nìyẹn. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí.

Òtútù ibí ò ṣeé sọ. Oòrùn ń yọ, kò mú. Láàárọ̀, Ṣèrífátù a jáde lọ síbi iṣẹ́, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó; èmi arúgbó tirẹ̀ a jókòó sójú fèrèsé. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ ebè ti rọ̀ bí ọwọ́ akọ̀wé. Ẹni tó ń kọjá kì í kí mi, èmi náà ò kí i mọ́. Láti ìgbà tí a ti sin Mútíátù ni ara mi ti rí bẹ́ẹ̀, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú. Kò dùn mí. Ẹ máa ń béèrè lórí fóònù pé ṣé mò ń sunkún, mo ní rárá. Òótọ́ ni.

Ẹ gbọ́ ti ọkọ̀ náà. Omi Aṣéjíré ni omi tó fẹ̀ jù tí Mútíátù rí láyé. Ó máa ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun fẹ́ rí ọkọ̀ tí ilé wà nínú rẹ̀ kí òun tó kú. Ọmọ náà gbọ́, ó sanwó yàrá ẹni méjì fún èmi àti ìyá rẹ̀, ó sì gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyá rẹ̀ kú kí ìwé ìrìnnà tó jáde. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní àwọn kì í dá owó padà, ọjọ́ nìkan làwọn lè sún. Ọjọ́ tí wọ́n sún un sí ló bọ́ sí ọ̀sẹ̀ fídáù. Ràṣídì ní owó yẹn ìbá kan páànù mọ́ṣáláṣí. Owó ọmọ mi ni. Kó ní kí ọmọ tirẹ̀ lọ kan páànù.

Ẹsẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ṣèrífátù pàápàá rò pé torí ọkọ̀ ni mi ò ṣe wálé. Kì í ṣe torí ọkọ̀. Láti fídáù ọjọ́ kẹjọ ìyàwó mi, mi ò kírun mọ́. Ìrun kan ṣoṣo, mi ò kí i. Mi ò bínú sí Ọlọ́run. Mo kàn máa ń dìde, màá wo omi àlùwàlá, màá tún jókòó. Bí mo bá wálé, wọ́n á fi mí sáàárín àwọn àlùfáà, wọ́n á ní kí n máa ṣe àmín. Mi ò lè ṣe àmín irọ́ níwájú sàréè rẹ̀. Ṣèrífátù ti dáwọ́ dúró báyìí, ó ń wò mí. Mo ní kó máa kọ.

Ọkọ̀ náà ga ju ilé èyíkéyìí láti Erúnmu dé Adégbàyí. Odò ìwẹ̀ wà lórí rẹ̀ lókè, omi lórí omi. Ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, dókítà wà, ilé ijó wà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa gé èékánná fún èèyàn wà. Oúnjẹ kì í tán. Béèyàn bá gbé àwo, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Béèyàn bá ju aṣọ sílẹ̀, kó tó bojú wẹ̀yìn, ẹnì kan ti ká a. Wọ́n á fi táwẹ́ẹ̀lì ṣe ẹyẹ sórí ibùsùn, bí ẹni ń ṣe eré fún ọmọdé. Síbẹ̀, mo rí òyìnbó kan tó ń bínú pé ẹyin òun le jù. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n se òmíràn, ó ní ìyẹn rọ̀ jù. Obìnrin kan ní afẹ́fẹ́ orí òkun ti pọ̀ jù, kí wọ́n bá òun sọ fún ọ̀gá ọkọ̀. Èmi ò ní ẹ̀sùn kankan. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú mi ni mò ń jẹ. Kò dùn, kò korò, kò ní iyọ̀ lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n dé fìlà pépà fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé oúnjẹ, wọ́n ya fọ́tò. Mi ò ṣí tèmi. Ṣèrífátù gbé e sórí fóònù rẹ̀, níbi tí àwọn ará ilé ti lè rí i, kò ní in lọ́kàn kó di ìjà.

Orúkọ méjì ló wà nínú ìwé àwọn ọlọ́kọ̀, nítorí náà méjì méjì ni gbogbo nǹkan mi. Sálúbàtà méjì, ife tíì méjì. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, méjì ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwé Ṣèrífátù yàtọ̀, tábìlì tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi; àwo kejì tí Ràṣídì rí, ti Mútíátù ni. Wọ́n ń gbé e síwájú àga rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń gbé e kúrò ní mímọ́. Ìdáhùn yín nìyẹn. Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kù.

Ọkùnrin kan ló ń tọ́jú yàrá wa. Kì í ṣe òyìnbó. Ará ìlú kan tó jìnnà ni, níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, Mùsùlùmí ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ náà. Ẹ máa rídìí rẹ̀. Èdè rẹ̀ ò yé mi, tèmi ò yé e. Ó rí irú orúkọ tí à ń jẹ́ nínú ìwé, ó sálámà sí mi, mo dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo tibi oúnjẹ dé, mo bá ení ìkírun nílẹ̀. Kì í ṣe ti ọkọ̀, tirẹ̀ ni. Ení méjì. Ó tẹ́ ọ̀kan síwájú, ó tẹ́ ọ̀kan sẹ́yìn, bí ọkọ àti aya ṣe ń kírun nínú ilé.

Ẹ rántí ẹjọ́ tí Mútíátù máa ń gbé wá bá yín. Ó ní mò ń sáré kírun. Ó ní orúnkún òun ò tíì ní kan ilẹ̀ tí èmi á ti dìde. Á ní, Bàbá Ṣèrífátù, ṣé mọ́tò fẹ́ fi yín sílẹ̀ ni? Ẹ bá mi wí, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sáré. Ọdún mọ́kànlélógójì.

Ọkọ̀ a máa yí lójú omi. Ibi tí Mẹ́kà wà láàárọ̀ kọ́ ló máa wà lọ́sàn-án. Ọkùnrin yìí á wọlé, á wo fóònù rẹ̀, á yí ení méjèèjì síbi tó yẹ, á fọwọ́ na ti ẹ̀yìn kó tọ́, á fọwọ́ na ti iwájú, á lọ. Láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, odidi ọjọ́ márùn-ún. Mi ò fẹsẹ̀ kan ìkankan. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mò ń gbà kọjá, bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ ebè.

Bó bá ti yí ení tán, á nawọ́ sí sálúbàtà kejì, á ní Màmá, bí ẹni ń béèrè pé Màmá ńkọ́. Ẹ mọ bí ẹ ṣe tọ́ wa. Ẹni tó bá béèrè ará ilé ẹni, a kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó, a óò ní wọ́n wà, a dúpẹ́. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́: alihamudulilahi. Ìyẹn yé e. Ó ń béèrè lójoojúmọ́, mò ń dáhùn lójoojúmọ́. Ó gbà pé yàrá Ṣèrífátù ni Màmá wà, pé òkun ni ò bá a lára mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé omi atalẹ̀ gbígbóná wá fún un. Mò ń bá a mu ún.

Ọjọ́ tí ẹ ń ṣe fídáù nílé ni ọ̀rọ̀ tú. Ṣèrífátù wá pè mí pé ká lọ jẹun ọ̀sán, ó bá ọkùnrin náà lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ife atalẹ̀. Ọkùnrin náà fi èdè òyìnbó bi í pé ṣé ara Màmá ti ń yá. Ọmọ mi ní ìyá òun ti kú, ó pé ọdún kan lónìí. Lẹ́yìn náà omi bọ́ lójú ọmọ mi, ó padà sí yàrá rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí. Mo rò pé yóò bínú pé mo pa irọ́ fún òun. Ó ní ìnnà lílàhí. Ó gbé ife sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ká ení ẹ̀yìn.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo fẹsẹ̀ tẹ ení náà mọ́lẹ̀. Ó fà á, mi ò gbẹ́sẹ̀. Ó tún fà á. Àgbàlagbà méjì, ọ̀kan ń fa ení, ọ̀kan dúró lé e. Ó wojú mi títí, ó fi í sílẹ̀. Ó nawọ́ sí ilé ìwẹ̀. Mo lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tí mo jáde, ó ti bọ́ bàtà, ó ti ti ilẹ̀kùn. Ó nawọ́ sí ení iwájú, pé èmi ni àgbà. Mo kọ̀. Orí ti ẹ̀yìn ni mo dúró sí. Mo mọ̀ pé bí ọkùnrin bá jẹ́ méjì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ẹnì kejì ń dúró. Kí àwọn àlùfáà má bá mi jà. Ibi tó yẹ mí lọ́jọ́ náà ni mo dúró sí.

Ọkùnrin náà sáré, nítorí bí ọ̀gá rẹ̀ bá bá a nídìí ìrun nínú yàrá ẹni tó sanwó, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mò ń kúnlẹ̀, ó ti dìde. Mò ń dìde, ó ti tẹ̀. Orúnkún mi ò tíì kan ilẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí, àti etí ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí Mútíátù fi ọdún mọ́kànlélógójì wò nìyẹn, gìgísẹ̀ ọkùnrin tó ń sáré. Ráká méjì ni, ti arìnrìn-àjò. Ó sálámà, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé mi ò lè dìde. Ó fà mí dìde, ó wọ bàtà, ó lọ síṣẹ́ rẹ̀. Mi ò sunkún. Mo lọ jẹun. Ẹja ni wọ́n fún wa. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fún wa níwèé pé ká sọ bí ìtọ́jú ṣe rí. Oúnjẹ ńkọ́, omi ìwẹ̀ ńkọ́, ibùsùn ńkọ́. Ṣèrífátù ń kà á, mò ń ní ó dáa. Ó dé orí ẹni tó tọ́jú yàrá. Mo ní kó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà mọ ibi tí Mẹ́kà wà. Ó ní òun ò lè kọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á lé ọkùnrin náà níṣẹ́. Mo ní kó kọ ọ́ pé ó mọ ibùsùn tẹ́. Ìyẹn ló kọ.

Láti ìgbà náà mò ń kírun. Ara mi ṣì kú, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó ti yá. Ṣùgbọ́n mò ń rọra kí i.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín rèé, Àlàájà. Àyè iwájú sàréè yẹn, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Kí Ràṣídì kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀ síbẹ̀, kó ṣáà má kó o ga jù. Ẹ̀yìn sàréè Mútíátù ni kí ẹ sin mí sí, níbi tó máa ń jókòó sí bẹ ẹ̀gẹ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, mò ń bọ̀ wá gbá èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò níbẹ̀ fúnra mi. Bí mi ò bá dé bá a, ẹ bá mi gbá a. Kí Mútíátù wà níwájú lọ́tẹ̀ yìí, kó ṣe é bó ṣe wù ú, kó má sáré.

Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Á jẹ́ kí n bá yín láyé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtẹni tó rẹ́rìn-ín àtẹni tí kò rẹ́rìn-ín.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Làsísì, ọkọ Mútíátù.