Ariwo Gbohùngbohùn

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá, ṣé ó ti ń fúyẹ́, àbí wọ́n ṣì ń bá ẹ jà lórí oògùn? Mo gbọ́ pé àwọn ìbejì ti ń ga. Kí wọ́n rọra o, kí wọ́n má ga jù ẹ́ lọ kí n tó dé. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń bínú pé mi ò kọ̀wé. Forí jì mí, iṣẹ́ aṣọ ló dí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ayọ̀ ò jẹ́ kí n lè ṣiṣẹ́. Mo ti rán apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ọrùn, ni mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo mú bírò.

O mọ ọmọ mi tí ìwọ fúnra rẹ sọ ní Gbohùngbohùn. Láti kékeré ni kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Tó bá ń tọrọ omi, ará ojúlé kẹta á dìde lọ bù ú fún un. Nígbà tó wọ ilé-ìwé, òun àti ọmọ káfíńtà àdúgbò wa di ọ̀rẹ́, ọmọbìnrin kan tí kì í fọhùn, tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́jẹ́. Bí ìgbín fà, ìkarahun á tẹ̀ lé e. Bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Tèmi á máa sọ̀rọ̀, ti káfíńtà á máa wò ó lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n wọ kíláàsì tuntun lọ́dún yìí, olùkọ́ wọn ò lè gba ariwo yẹn mọ́ra. Obìnrin náà ò burú o, ó kàn fẹ́ kí kíláàsì rẹ̀ tòrò ni. Ló bá yà wọ́n. Ó fi Gbohùngbohùn síwájú níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o, ó fi Jẹ́jẹ́ sẹ́yìn pátápátá. Èmi àti bàbá rẹ̀ tilẹ̀ lọ dúpẹ́. Bàbá rẹ̀ sọ fún olùkọ́ pé ẹnu ìyá rẹ̀ ló jogún. Ilé ni mo ti fún un lésì.

Kí sáà tó parí, Jẹ́jẹ́ tó ti máa ń ṣe dáadáa já wálẹ̀ pátápátá. Olùkọ́ ránṣẹ́ pé bó bá ń lọ báyìí, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama, ńṣe ni yóò tún kíláàsì náà ṣe. Káfíńtà wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ yẹn, o mọ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun ń ṣiṣẹ́ fún ju kí ọmọ òun kàwé lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ méjèèjì jókòó sílẹ̀ láàárín àkísà aṣọ, wọ́n ń bá mi ká a. Gbohùngbohùn ń ṣàlàyé gbogbo ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ó ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Orí ń fọ́ mi. Mo bi í pé ṣé adití ló ń bá sọ̀rọ̀ ni. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Màmá, tí mi ò bá sọ ọ́ sókè, kò ní gbọ́. Ní kíláàsì náà, èmi ni mo máa ń tún un sọ fún un kí wọ́n tó yà wá.”

Mo dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Mo rọra lọ sẹ́yìn Jẹ́jẹ́, mo pè é. Kò wẹ̀yìn. Mo tún pè é, ó ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi, omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tí gbogbo wa ń yìn pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, àṣé kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ. Nínú gbogbo ọmọ ilé-ìwé yẹn, ẹni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ ló mú lọ́rẹ̀ẹ́.

Èmi àti káfíńtà mú ọ̀nà ilé-ìwé pọ̀n. Nígbà tí olùkọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó fọwọ́ bo ojú, kò ṣàwáwí kankan. Ó dá àwọn méjèèjì padà sórí bẹ́ńṣì kan níwájú. Ó ní tí òun bá ti kọ́ wọn tán, kí Gbohùngbohùn máa dìde tún un sọ fún gbogbo kíláàsì. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló mú Jẹ́jẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, tí káfíńtà ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi nínú irun. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tèmi tí mo ti gbà pé orí rẹ̀ ò gba ìwé, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á? Ohun téèyàn bá kọ́ ẹlòmíràn kì í tètè kúrò lórí ẹni. Ó ní iṣẹ́ olùkọ́ lòun máa ṣe. Bàbá rẹ̀ ní kó ṣáà má kọ́ni nítòsí ilé wa. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun tí ọwọ́ àwa òbí àti olùkọ́ ò wọ̀, ọmọdé ló bá wa mú un jáde.

Èsì ìdánwò àtiwọ ilé-ìwé girama jáde lánàá. Àwọn méjèèjì yege. Káfíńtà jó nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí tó fi da gbogbo bọ́tìnnì mi sílẹ̀, mi ò bínú. Àfi bí wọ́n ṣe tún ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé ẹ̀rọ etí ti dé. Gbogbo wa la lọ, olùkọ́ náà wá. Dókítà fi í sí i létí. Káfíńtà pe ọmọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ báyìí, ọmọ yíjú, ó rẹ́rìn-ín. Kí la fẹ́ ṣe, gbogbo wa ń sunkún. Ni Gbohùngbohùn bá ké bó ṣe máa ń ké, “Jẹ́jẹ́, ṣé o ń gbọ́ mi?”

Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Ó ní, “Ṣé bí o ṣe máa ń pariwo nìyí?”

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ojú ti ọmọ mi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Jẹ́jẹ́ sún mọ́ ọn, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu.

“Má dákẹ́,” ló wí. “Ohùn tìẹ ni mo mọ̀.”

Bá mi kí màmá àti bàálé rẹ, kí o sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi.

Tìrẹ ni mí, lójoojúmọ́,

Ìyá Gbohùngbohùn