Àrùn Àkàtúnkà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ìwé, mọ ẹni tó dì ọ́ mú: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó wo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì alárùn ọpọlọ sàn láàárín ọjọ́ méjì péré, láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Inú ló bí mi tí mo fi di dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin — Ọ̀gá Bọ́tìnì ni mo ń pè é — kì í gbójú kúrò lára fóònù mọ́. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, Ẹlẹ́nu Dídùn, tó máa ń jókòó síwájú iná róbótó tí wọ́n fi ń ya fídíò, táá ní bó o bá ń gbàgbé ibi tó o fi kọ́kọ́rọ́ sí, ọpọlọ rẹ ń ṣàìsàn. Ta ni kì í gbàgbé kọ́kọ́rọ́? Ṣé gbogbo àdúgbò ló ti ya wèrè ni? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àrùn méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ní. Ó ti di mẹ́rin báyìí. Ó tò wọ́n sábẹ́ orúkọ rẹ̀ bí oyè.

Ni mo bá ṣe fídíò tèmi láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wọ ẹ̀wù funfun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ, mi ò jẹ́ kí orí mi hàn, mo sọ ohùn mi di ti bàbá arúgbó. Mo ní: bó o bá ń ka bọ́tìnì aṣọ kó o tó fọ̀ ọ́, tó o tún kà á lẹ́yìn tó o fọ̀ ọ́ tán, Àrùn Àkàtúnkà ló ń ṣe ọ́. Bó o bá sì ń jẹ́ kí omi máa dà nílé ìwẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún rẹ, ó ti wọra nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n gbà á gbọ́! "Dókítà, èmi gan-an nìyí." "Ẹ ṣé, sà, mo ti wá mọ ara mi." Ẹnìkan ní ṣíbí lòun ń kà ní tòun, ṣé ó kan òun náà? Orí mi gbóná. Ṣé èèyàn ò lè bú wọn kí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń bú wọn ni?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọ̀gá Bọ́tìnì gbé fóònù wá bá mi nílé ìdáná, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, àbúrò, wo bàbá yìí, bí ẹni pé ó ń bá wa gbélé. Mo ní irọ́ ló ń pa. Ó ní kí ni mo mọ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ òun tó báyìí rí láyé òun.

Ó máa bá a mu kẹ̀! Ara rẹ̀ ni mo ti wò ó. Ìyá Sítáàṣì tó ni ilé ìfọṣọ ló sọ ọ́ dòfin: ka bọ́tìnì nígbà tí aṣọ bá wọlé, kà á nígbà tó bá ń jáde, kí oníbàárà má baà wá fẹ̀sùn kàn wọ́n. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe àrùn! Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹnu mi wúwo. Ẹnu tèmi!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Àwọn tó ń kọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò ti bá mi dá oògùn sílẹ̀: kí aláìsàn má ka bọ́tìnì fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Kóòtù oníbàárà kan jáde láìní bọ́tìnì méjì. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọlé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Oníbàárà pariwo. Ìyá Sítáàṣì ní, ìwọ tó o gbà á wọlé, bọ́tìnì mélòó ló wà lára ẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ní àìsàn òun ò gba kíkà. Ìyá Sítáàṣì ní kó máa gbé àìsàn náà lọ sílé. Bí kò bá padà wá bí òṣìṣẹ́ ní Ọjọ́ Ẹtì, òun á gba ẹlòmíràn. Màmá pariwo títí, ó wá jókòó, ó ń ka owó oúnjẹ tó kù. Kíkà yẹn ló burú jù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo pa fídíò náà rẹ́. Asán. Wọ́n ti gbé e káàkiri. Ẹlẹ́nu Dídùn fúnra rẹ̀ gbé e, ó ní ọdún mẹ́ta lòun ti ń ṣèwádìí àrùn yẹn. Ọdún mẹ́ta! Àrùn tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì láyé! Olè!

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mi ò lè jẹun. Èmi!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí yàrá rẹ̀. Ẹ̀wù funfun wà lórí itan rẹ̀, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun tún ń wo fídíò náà, ọwọ́ ń yún òun, òun bá ka bọ́tìnì ara ẹ̀wù dókítà. Mẹ́fà. Òwú búlúù ni wọ́n fi rán ẹ̀kẹta. Òun lòun rán an, lọ́jọ́ tí òwú funfun tán.

Mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ de ìgbájú. Kò gbá mi. Ó ní ti bọ́tìnì yé òun — ta ló sọ ti omi ilé ìwẹ̀ fún mi? Mo ní ògiri fẹ́lẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí Bàbá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ó ní: "O gbọ́ ọ. O ò kanlẹ̀kùn."

Lọ́la mo máa tẹ̀ lé e lọ bá Ìyá Sítáàṣì, màá jẹ́wọ́, orí mi á sì hàn lọ́tẹ̀ yìí. Láti ibẹ̀, a ó lọ bá nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kíkà kì í ṣe àìsàn òun, ṣùgbọ́n ẹkún yẹn, ó yẹ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ bá òun wò ó.

Ìwé, ó ku ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì, ọgọ́ta ó lé kan làwọn tó ti wo fídíò náà, èmi fúnra mi sì ni mọ́kànlá nínú wọn. Lónìí wọ́n ti kọjá ogójì ẹgbẹ̀rún lóòótọ́. "Wò sàn" yẹn ni irọ́. Mi ò wo ẹnì kankan sàn. Mo gbọ́ ẹni tó ń sunkún, kámẹ́rà ni mo lọ gbé.