Omi Híítà Kò Hó

Ìsàlẹ̀ Ọjà-Ọba,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Sakinah ọ̀rẹ́ mi,

Àsàláámù àlékùn. Jọ̀ọ́, má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lẹ́nu mi, ká má tíì sọ ti kálámù. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ Màmá ti fúyẹ́? Àlàáfíà ni mo wà, Abdulsobur ọkọ mi sì ń tọ́jú mi. Oṣù kejì rèé tí mo délé yìí, "Ìyàwó Má-sọ̀rọ̀" ni wọ́n ń pè mí.

Lánàá, Ìyàwó Má-sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ní ọmọ oṣù mẹ́rin kan, Huda. Bọ́ílà la fi ń se omi mílíìkì rẹ̀, irin tó ká bí ejò yẹn, tí a ń rì sínú omi, tí a ó tan iná sí títí omi á fi hó kutukutu. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wá gbé híítà kọ́ ògiri balùwẹ̀, ìyálé mi ju bọ́ílà sábẹ́ ibùsùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n bọ́ílà ni híítà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ló bá ń fi omi balùwẹ̀ po mílíìkì ọmọ. Ọjọ́ kẹta, ìgbẹ́ gbuuru mú Huda, ojú rẹ̀ jìn wọnú.

O ṣáà mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣọmọ ọ̀dọ̀ ní GRA. Ọ̀gá mi obìnrin ti kìlọ̀ fún mi: híítà á mú omi gbóná, á sì pa iná ara rẹ̀ kó tó hó. Omi ìwẹ̀ ni. Táǹkì orí òrùlé ló ti ń fà á, alángbá sì ti kú sínú tiwa ní GRA rí.

Mo rọra sọ ọ́. Ìyálé mi bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ ọ̀dọ̀ GRA ti di dókítà!"

Ni mo bá gba fídà, ìgò mílíìkì Huda, lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á nù. Èmi yìí, níwájú ìyá ọkọ mi! Mo bu omi híítà sínú abọ́, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ta mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ka Fátíhà tán kí n tó yọ ọ́. Mo fa bọ́ílà jáde, mo fi se òmíràn títí ó fi hó, mo pa iná rẹ̀. Mo ní, "Ó yá, ẹ̀yin náà, ẹ ki ọwọ́ yín bọ èyí." Ìyálé mi fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Ìyá ọkọ mi ní mo yájú. Wọ́n ní lọ́la, lẹ́yìn Jímọ̀, kí n kúnlẹ̀ bẹ ìyálé mi níwájú gbogbo agboolé. Mà á kúnlẹ̀, torí ó jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé mo ṣàṣìṣe. Bó bá wù wọ́n kí wọ́n dá mi padà sílé bàbá mi. Fídà tí wọ́n bá tún fi omi híítà pò, mà á tún dà á nù.

Láàárọ̀ yìí ni wọ́n gbé Huda lọ sí ọsibítù. Bá mi ṣàdúà fún un. Kí Ọlọ́hun fún ìwọ náà ní ilé tí wọ́n ti máa gbọ́ ohùn rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé kéwú,
Ruqoyyah.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa ìwé yìí dé ni, wọ́n ti dé láti ọsibítù! Mò ń gbọ́ ẹkún Huda ketekete, ara rẹ̀ ti ń le. Ìyá ọkọ mi ló ń ké láti ilé ìdáná yìí: "Ìyàwó! Mú bọ́ílà yẹn wá, kí o wá kọ́ ìyálé rẹ bí omi ọmọ ṣe ń hó." Sakinah, jẹ́ kí n sáré lọ, mà á