Igun Ìkírun Alhájà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kọkànlá, 2025
Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́nu iṣẹ́ rọ́ọ̀gì fífọ̀ — mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, bí mo ṣe ń kọ́ Yorùbá láti ìgbà tí mo ti ìlú òyìnbó dé. Kàmál, ẹni tó ń darí wa ní ṣọ́ọ̀bù Alẹ́kùwodò, tún fi mí ṣẹlẹ́yà lójú gbogbo èèyàn. “Phebe, òyìnbó òṣómàálò! Wọ́n ò kọ́ yín ní wáyà kíká nílùú òyìnbó ni?” Ọ̀gá Ìfófó ni mo sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ń hó ju ọṣẹ lọ. Mo kórìíra rẹ̀. Yorùbá ni mo fi kórìíra rẹ̀, kó lè dùn dáadáa.

Ọjọ́rú, 5
Ìfófó ní òun ló máa sọ fún ẹni tó ni iṣẹ́ bóyá kí wọ́n gbà mí tàbí kí n padà sí Iléṣà, sílé ìyá àgbà. Lọ́wọ́ òfo? Láéláé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Àbẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì Alhájà Munawwarah ní sẹkitéríàtì ìjọba; ọ̀gá ni wọ́n níbẹ̀. Igun kan wà lẹ́yìn tábìlì tí wọ́n ti ń kírun, lórí rọ́ọ̀gì gan-an. Kí wọ́n tó lọ sílé, wọ́n bẹ̀ wá: “Ẹ jọ̀ọ́, omi tuntun ni kẹ́ ẹ fi fọ igun mi. Kẹ́ ẹ ṣan án dáadáa.”
Kàmál tẹríba. “Ẹ fọkàn balẹ̀, Alhájà. Mùsùlùmí lèmi náà.”
Ilẹ̀kùn padé tán — omi tá a fi fọ ọ̀nà ilé ìtọ̀ ló dà síbẹ̀. Dúdú. Ó ń rùn.
Mo ní, Bọ̀dá Kàmál, omi yẹn kọ́.
“Ta ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi? Tó o bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, gbẹ́nu ẹ dákẹ́.”
Ó wọ́n lọ́fínńdà sí i.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mi ò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
A lọ gbé fáànù tá a gbàgbé sí Àbẹ̀rẹ̀. Alhájà ń kírun. Iwájú orí wọn wà níbẹ̀ gan-an. Wọ́n parí, wọ́n ṣàdúrà fún wa. Kàmál ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ìfófó ní òun ti sọ fún ẹni tó ni iṣẹ́: mi ò wúlò, kí n máa lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.
Ó dáa. Mo wọ mọ́tò, ó di Àbẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ síta. Ó ń dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ — kí n má purọ́.
Alhájà ò pariwo. Wọ́n pe Kàmál lórí fóònù: kò gbọdọ̀ tún tẹ ilé yẹn mọ́. Wọ́n wá kọjú sí mi.
“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”
Láti ọjọ́ Ẹtì, mà.
“O dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ò ń wò mí bí mo ṣe ń forí kanlẹ̀.”
Mo ní ẹ̀rù iṣẹ́ ló bà mí.
“Lónìí ńkọ́? Ta ló bá ọ lé ẹ̀rù lọ?”
 Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi.
“Ọ̀lẹ ni Kàmál. Ìwọ, ìkà ni ọ́.”