Wọ́n Ń Wádìí Ọmọ Mi Dé Lọ́ńdọ̀nù

Lásùnwọ̀n,
Ìkòròdú.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásàárì, 1956.

Rọ̀kíbátù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìnàró, mo kí ọ kú àìsùn, mo kí ọ kú ariwo àwọn tó ń pe Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì, bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Mo kí aṣọ funfun ọrùn rẹ, mo sì kí fìlà tó jókòó gẹlẹtẹ sórí irun rẹ láìsí ẹni tó so ó mọ́lẹ̀. Ọlọ́run tó mú un dúró síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìwọ náà já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ. Ṣe àmín kí o tó ka èyí tó kàn, nítorí pé àdúrà yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán, ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ilé dára. Ìyá rẹ wà, ó ń bá mi jà déédéé, èyí ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ yá. Òjò ti ba ọ̀nà Èbúté jẹ́ pátápátá, àwọn èrò tó ń ti Èkó dé ń bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọ́n ń gbé e lọ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àkùkọ tí o fi sílẹ̀ fún mi ti di àgbà, kò sì mọ àsìkò mọ́, ọ̀sán gangan ló ń kọ. Mo ní kí a pa á, ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ wo ara mi, pé èmi náà ọ̀sán ni mo máa ń jí. Mo fi ọ̀rọ̀ àkùkọ sílẹ̀.

Wàyí o, lẹ́tà rẹ. Èmi fúnra mi ni mo kà á. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé mo ka ìwé dé Sítáńdáàdì Túù kí baba mi tó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí àwọ̀n, ẹni tó bá sì kàwé dé ibẹ̀ kò ní máa gbé lẹ́tà ọmọ rẹ̀ kiri àdúgbò bí ẹni ń pín obì. Mo ka ìkíni rẹ, mo rẹ́rìn-ín. Mo ka ìlà tó tẹ̀lé e, ẹ̀rín dá. O ní ìwádìí ń lọ. O ní ó ti gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ yín ní wọ́ọ̀dù yín ní Èkó, pé ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù báyìí, àti pé bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, orúkọ rẹ yóò jáde nínú ìwé ìròyìn. O wá fi kún un pé kí n bá ọ yọ̀.

Kí n bá ọ yọ̀ kẹ̀? Ta ló ń yọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wádìí ọmọ rẹ̀? Ní ìlú tiwa, ìgbà tí nǹkan bá sọnù ni ọlọ́pàá ń ṣe ìwádìí. Wọ́n ṣe é nígbà tí Bàdírù aládùúgbò wa ní wọ́n jí páànù òun. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa páànù ló sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, páànù náà sì wà lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Bàdírù fúnra rẹ̀, ó ti gbàgbé pé òun ló kàn án síbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ sí ìwádìí nìyẹn. Ní ti orúkọ tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn, orúkọ ẹni tó kú ni, tàbí ti ẹni tó sá lọ, tàbí ti ẹni tó ní òun kò jẹ́ orúkọ àtijọ́ òun mọ́. Èwo ni tìrẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Bísíríyù àbúrò mi ní Ẹ̀pẹ́ ni mo sáré tọ̀ lọ, nítorí pé òun nìkan nínú ẹbí wa ni ẹjọ́ rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù rí, ìyẹn ẹjọ́ ibi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí létí ọ̀sà. Mo wọ lọ́rì gba Àgbọ̀wá, wọ́n gbé mi jókòó sórí àpò gààrí, mo dé ọ̀hún funfun bí àwọn dókítà yín. Mo ṣàlàyé fún Bísíríyù, ó ṣí fìlà. Ó bi mí pé ta ni adájọ́. Mo ní o kọ ọ́ pé àwọn méjì kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, pé ìwọ kò mọ orúkọ wọn, àwọn náà kò sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ. Bísíríyù dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní tòun sàn, pé àwọn tó dá ẹjọ́ tòun mọ orúkọ òun, wọ́n kàn ń ṣì í pè ni. Ó ní ìdájọ́ tí a ń gbọ́ ohùn tí a kì í rí ojú, Orò nìkan ni òun mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Orò gan-an ń sọ fún obìnrin pé kó wọlé kó tó jáde. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí o dá dúró, pé ẹni tó bá nìkan dúró níwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀, wọn yóò rò pé kò ní bàbá.

Mo padà sílé, mo tún lẹ́tà náà kà láti mọ ohun tí o ṣe gan-an, mo sì rí i. O ní ohun tí o kọ ránṣẹ́ ni pé nọ́ọ̀sì kì í ṣe ìránṣẹ́ dókítà, pé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìmọ̀ tirẹ̀ àti ìdí tirẹ̀, pé dókítà ń wo àìsàn, nọ́ọ̀sì ń wo ẹni tí àìsàn ń ṣe. Hẹ̀n-ẹ́n! Mo ní ó parí. Ta ló rán ọ níṣẹ́, Rọ̀kíbátù? Bó bá tilẹ̀ wù ọ́ láti sọ ọ́, ṣé kì í ṣe pé kí o rọra sọ ọ́ sétí ẹnì kejì rẹ nídìí àmù ni, kí ẹ jọ rẹ́rìn-ín, kí kálukú gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ? Ohun tí a fi ẹnu sọ, a lè ní a kò sọ ọ́. Èyí tí a kọ sílẹ̀, tí a lẹ sítáǹbù mọ́ lára, tí a fi ọkọ̀ òkun gbé lọ bá òyìnbó ńkọ́?

Bí mo bá ní ó yà mí lẹ́nu, irọ́ ni mo pa. Ìwọ náà lo bi Lèmọ́mù nígbà tí o kéré pé ta ló ń pe é sí ìrun bí ládàánì bá sùn lọ. Ẹnu rẹ ti ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ láti ìgbà náà. Ìyá rẹ ní ọ̀dọ̀ mi lo ti kó o.

Ẹ̀yìn èyí lo wá kọ ohun kan tó dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé yìí. O ní àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dá a padà fún ọ, pé ó ti gùn jù, kí o gé e. Kí ni kí o gé? Ìyá rẹ ní èékánná ni, pé wọn kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tọ́jú èékánná. Mùsílímátù ẹlẹ́ja tó ń gbé ilé kejì sí wa ní aṣọ ni, ó sì ń bínú, ó ní èyí tí òun rí lọ́rùn yín kò kúkú gùn tó ohun tí wọ́n ń gé. Èmi ní ahọ́n ni. Ohun yòówù kó jẹ́, ọmọ mi, gé e. Èyí tó bá kù lára rẹ̀, a ó máa lò ó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún ní ẹ̀rí rẹ kò tíì tó. Ibí yìí ló dùn mí jù, nítorí pé ẹ̀rí kò lè wọ́n ọmọ mi nígbà tí mo ṣì wà láyé. Mo ti wá ẹlẹ́rìí. Mùsílímátù ni àkọ́kọ́. Ó ní nígbà tí òun wá bímọ lọ́sibítù yín, nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì òun ni wọ́n fi ń pe òun, Mọ́kànlá dìde, Mọ́kànlá yí padà, Mọ́kànlá gbé ẹsẹ̀, débi pé nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá wò ó, tó pe orúkọ rẹ̀, kò dáhùn, ó rò pé ẹlòmíràn ni. Ó ní ìwọ lo fa àpótí, tí o jókòó, tí o bi òun ní ohun tó ń dẹ́rù ba òun. Ó sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń ba òun kí wọ́n má lọ pààrọ̀ ọmọ òun. O kò rẹ́rìn-ín. O wá òwú dúdú, o so díẹ̀ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn ọwọ́ lójú rẹ̀, o so ìyókù mọ́ tirẹ̀, ìgbà náà ló tó rí oorun sùn. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ó ń tú ìdí aṣọ rẹ̀, òwú náà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an fún wọn, kó má bù mọ́ ọn.

Ẹlẹ́rìí kejì ni Mọ́ṣúdù apẹja, ẹni tí o wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí o wá sílé. Tirẹ̀ ń pọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a sọ ọ́, ó ní ẹja ọ̀bọ̀kún ló gún òun lẹ́sẹ̀. Lánàá ó ti di ọ̀nì, ó ní ìwọ lo fi ọwọ́ lásán la ọ̀nì náà lẹ́nu. Mo ní kó dín in kù. Ó ní ṣebí wọ́n ní ẹ̀rí kò tó.

Ìyá rẹ ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Súwẹ́tà ló ń wá kiri ọjà. Wọ́n sọ fún un pé Lọ́ńdọ̀nù tutù, ó sì ti rò ó títí dé ẹ̀wọ̀n wọn.

Mi ò ní fi nǹkan pa mọ́ fún ọ. Tíṣà Ọláṣẹ́gun, tó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa níwèé, gbọ́ ariwo wa, ó wọlé, ó ka lẹ́tà náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, Bàbá, ẹ kú oríire, pé ìwádìí tí ọmọ yín ń sọ kì í ṣe ti ọlọ́pàá, ẹ̀kọ́ ni. Ó ní ṣe ni o ń bi àwọn aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀, tí o ń wò wọ́n, tí o ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ ibòmíràn lè kà á kí wọ́n sì fi ṣiṣẹ́, pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, iyì ńlá ni. Mo bi í pé kí ló sọnù. Ó ní kò sí ohun tó sọnù. Mo ní ta ló wá ń wádìí nígbà tí nǹkan kò sọnù? Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Mo ní kó máa lọ sílé, pé ọkùnrin tó fi ṣòkòtò péńpé jẹ tíṣà, kí ló mọ̀ nípa ẹjọ́?

Ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, tí mo sì kó èrò wá bá ọ níbi iṣẹ́, ojú yóò tì mí. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì í sọ, tí mo sì jókòó sílé, wọn yóò bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn rẹ. Mo gbé méjèèjì wò. Kí ojú tì mí ló yá.

Ìlà kan ṣoṣo ló kù nínú lẹ́tà rẹ, òun náà ló sì gba oorun lójú mi. O ní wọ́n fẹ́ kí o dárúkọ gbogbo àwọn tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣáájú rẹ, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ọdún tí wọ́n sọ ọ́. Há! Mo mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó yín pọ̀ ni. Má dárúkọ nọ́ọ̀sì kankan fún wọn, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Èmi ni kí o dárúkọ. Kò ní jẹ́ irọ́. Ọdún tí ibà fẹ́ gba ìyá rẹ lọ́wọ́ mi, ìwọ ṣì ń rá kòrò nígbà náà, olóògùn ìjọba kan wá, ó bu oògùn fún un, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo jókòó tì í. Mo ń fi omi nu ara rẹ̀, mo ń yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ń purọ́ oríṣiríṣi fún un kó lè rẹ́rìn-ín kó sì lá ẹ̀kọ díẹ̀. Nígbà tó dìde, gbogbo ilé ní oògùn yẹn mà dára o. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé oògùn ṣe tirẹ̀, èmi náà ṣe tèmi, pé èmi kì í ṣe ìránṣẹ́ oògùn. Ọdún 1931 ni. Bi ìyá rẹ bí mo bá purọ́. Nítorí náà, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, ìwọ kàn gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni. Kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà. Kí wọ́n wá mú mi ní Lásùnwọ̀n, kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́ mi tí wọ́n lè gbà.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa kíákíá, ti èmi àti ẹlẹ́rìí méjèèjì, kí a lè wọkọ̀ ní Èbúté wá bá ọ ní Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àlọ nìkan náà tó, bí wọ́n bá dá ọ láre, ìwọ ni yóò sanwó àbọ̀ tayọ̀tayọ̀. Fi owó áàsáà lé e, ọkàn tí kò balẹ̀ kì í jẹ áàsáà díẹ̀. Bí owó bá ṣẹ́kù, ra súwẹ́tà náà fún ìyá rẹ, kó lè sinmi.

Ọlọ́run tó ń gbọ́ ẹjọ́ láìsí lọ́yà yóò bá ọ gbọ́ tìrẹ. Ọwọ́ tí o fi ń gbé aláìsàn dìde kò ní rọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọn yóò ti rí i, wọn kò sì ní bá ọ fà á. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tó sọ ọ́ ṣáájú rẹ,

Yísà, 1931.