Ẹni Tó Máa Bá Ìyá Àgbà Jókòó Nínú Ọkọ̀

Mọ́ńdè, 12/8/2013

Físà Ìyá Àgbà ti jáde. Gbogbo Egan ti gbọ́. Bí ẹnì kan bá wà ní Egan tí kò tíì gbọ́, òkú ni, àbí ó ti kó lọ sí Ayọ̀bọ̀.

Kí n tò ó sílẹ̀ kó má baà dàrú mọ́ mi lójú tó bá yá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí wọn ò gun ọkọ̀ ojú omi rí láyé wọn, fẹ́ lọ gun ọ̀kan nílùú òyìnbó. Ọkọ̀ náà ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú ẹ̀ – omi nínú ọkọ̀, ọkọ̀ lórí omi. Àǹtí Rashidat, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ló ṣètò gbogbo ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí ìyá àti ọmọ ò tíì fojú kanra. Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ máa gbéra. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí òkun.

Wàhálà kan ló wà. Ìyá Àgbà láwọn ò lọ.

Wọ́n ní àwọn ò lè bá ẹni táwọn ò mọ orúkọ ẹ̀ wọkọ̀ lórí omi. Lórí ilẹ̀, kò burú. Tí mọ́tò bá bàjẹ́, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, kálukú á gba ọ̀nà ilé ẹ̀ lọ. Lórí omi ńkọ́?

Mo ṣì ń rò ó.

Túsìdé, 13/8

Àǹtí pè. Wọ́n ní àwọn tó máa wọ ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ yẹn ti ní gúrúùpù lórí Fesibúùkù, wọ́n ti ń kí ara wọn kí ọjọ́ tó pé. Àǹtí ti ṣí ojú ewé kan lórúkọ Ìyá, wọ́n fún mi ní páàsìwọọ̀dù ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi: kí n máa bá Ìyá kí àwọn èèyàn, kí n sì wá ẹnì kan tó máa bá wọn jókòó jẹun, tó máa mú wọn rìn káàkiri ọkọ̀.

Mo ní ṣé ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀ ni, Àǹtí? Wọ́n ní àwọn máa wà níbẹ̀. Mo ní kí wá ni ẹ ò fi lè bá Ìyá jókòó? Wọ́n ní, "Hamdalah, ṣe ohun tí mo ní kó o ṣe jàre." Mo ní ẹ̀yin náà kúkú lè kọ ọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò gbà mí láyè."

Ta ni ò gbà wọ́n láyè? Orí mi ti gbóná bí ìkòkò ẹ̀wà. Ẹni tó fẹ́ lọ bá ìyá ẹ̀ ṣeré, tó tún ń wá ẹni tó máa bá ìyá ẹ̀ ṣeré.

Wẹ́sìdé, 14/8

Mo ti kọ ọ́. Ohun tí Àǹtí ní kí n kọ: Sìdíkátù ni orúkọ Ìyá, Èkó ni wọ́n ti ń bọ̀, wọn ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀.

Ohun tí mo kọ: Olorì Sìdíkátù, tó ń rán aṣọ ìrọ̀rí fún ọba mẹ́rìndínlógún, tí Rashidat ọmọ ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ní ìlú ẹ̀yin náà.

Òótọ́ wà nínú ẹ̀ ṣá. Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá fi rán aṣọ ìrọ̀rí àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ní ṣọ́ọ̀bù wọn n'Ìkòtún. Ọba kan sì ra méjì nígbà kan. Ó dáa, dírẹ́bà ọba ni.

Aasiyah, ọ̀rẹ́ mi, kà á. Ó ní tí irọ́ bá ń sanra ni, mi ò bá ti gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé mọ́.

Èèyàn mẹ́sàn-án ti dáhùn.

Jímọ̀, 16/8

Lẹ́yìn àsárì mo ka orúkọ àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún Ìyá. Wọ́n jókòó lórí ẹní ìkírun, wọ́n ń ṣàdúà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Gíláàsì gba tiẹ̀ (gíláàsì dúdú ló fi bojú nínú fọ́tò). Ìyá Ológbò náà gba tiẹ̀. Ológbò ló gbé síbi tó yẹ kí fọ́tò ẹ̀ wà, Mágárẹ́ẹ̀tì lorúkọ obìnrin náà gan-an. Ìyá ní ṣé ọkọ ẹ̀ wà láyé? Ọmọ ńkọ́? Ṣé ara ń le? Mo ní Ìyá, wọn kì í béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Wọ́n ní, "Ṣé òyìnbó ò ní ọkọ ni?"

Mo bi í. Lójú gbogbo ayé.

Ìyá Ológbò ò dáhùn fún wákàtí méjì. Mo ti ń múra láti pa fóònù, kí n yí orúkọ padà, kí n sá lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó wá kọ ọ́ pé ọkọ òun kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, pé nínú gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti aṣọ ìwẹ̀ nínú gúrúùpù yìí, ẹnì kan ò bi òun léèrè rí. Ó ní òun lòun máa bá Sìdíkátù jókòó nídìí tábìlì, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mo sọ ọ́ fún Ìyá. Wọ́n ní kí n kí obìnrin náà kú àṣẹ̀yìndè. Wọ́n ní kí n yé pè é ní "ó", àgbàlagbà ni wọ́n.

Wọ́n ní, "Mo ti ní ẹnì kan. Mo lè lọ báyìí."

Sọ́ńdè, 18/8

Ìyá ń rán aṣọ ìrọ̀rí fún àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. A kì í lọ bá èèyàn lọ́wọ́ òfo. Ariwo máṣíìnì yẹn, bàálù ló ń balẹ̀ ní pálọ̀ wa.

Wẹ́sìdé, 21/8

Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ológbò kọ̀wé sí gúrúùpù láàárọ̀. Wọ́n ní orúkọ ọmọ Sìdíkátù ló ń dún létí àwọn. Lọ́dún tó kọjá, nínú ọkọ̀ kan náà, Rashidat kan láti Nàìjíríà ló ń tọ́jú yàrá àwọn. Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó ń ká tówẹ̀lì kó jọ erin. Lọ́jọ́ tí ẹkún ọkọ àwọn gbé àwọn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn títí ẹkún fi dá, bẹ́ẹ̀ wọn ò gba òṣìṣẹ́ láyè láti jókòó lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ọmọ yín nìyí?

Wọ́n fi fọ́tò sí i. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i díẹ̀díẹ̀ látòkè bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kànga. Irun. Iwájú orí. Dátà tán.

Mo sáré dé ìta lọ ra òmíràn, mo padà. Ojú. Aṣọ funfun. Báàjì láyà. Ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì kan tó tẹ́ dáadáa, ó ń rẹ́rìn-ín.

Aṣọ yẹn náà ló wà nínú fọ́tò Àǹtí tó wà lára ògiri pálọ̀. Báàjì yẹn náà. Eyín iwájú tó pínyà yẹn náà.

Ọwọ́ mi yá ju orí mi lọ. Mo kọ ọ́ pé: Rárá o, kì í ṣe tiwa. Nọ́ọ̀sì ni tiwa.

Tọ́sìdé, 22/8

Mo bi bàbá mi pé ta ló sọ fún wa pé nọ́ọ̀sì ni Àǹtí.

Wọ́n ní, "Fọ́tò."

Mo ní fọ́tò sọ̀rọ̀? Wọ́n ní Ìyá ló rí aṣọ funfun, Ìyá ní nọ́ọ̀sì ni, àwọn náà rí i, àwọn náà ní nọ́ọ̀sì ni. Mo ní Àǹtí fúnra wọn ńkọ́? Wọ́n gbé òkèlè dúró. "Rashidat? Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan.

Àfikún ni Ìyá ń pè mí nílé yìí, nítorí pé bí wọ́n bá rán mi ní ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta ni mo máa ń jẹ́. Mo ti wá mọ ibi tí mo ti jogún ẹ̀.

Sátidé, 24/8

Àǹtí pè. Ohùn wọn kéré.

"Mo rí ohun tó o kọ."

Mo ti gbàgbé pé àwọn ló ṣí ojú ewé yẹn. Gbogbo ohun tí mo ń kọ ni wọ́n ń rí, látorí ọba mẹ́rìndínlógún títí dé "kì í ṣe tiwa".

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ yẹn lè gba yàrá fún òbí wọn ní ẹ̀dínwó, pé ọdún mẹ́rin làwọn fi bẹ̀bẹ̀ fún un. Àmọ́ iṣẹ́ ò ní dúró torí Ìyá. Nígbà tí Ìyá bá ń jẹun, ìdí bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì làwọn máa wà. Ìdí nìyẹn táwọn fi ń wá ẹni tó máa bá wọn jókòó.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Mo ní ṣé kí n sọ fún Ìyá?

"Mi ò mọ̀. Láti ọdún mọ́kànlá ni mi ò ti mọ̀. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n lè má wá mọ́. Tí wọn ò bá gbọ́, ojú wọn náà ni wọ́n á fi rí i."

Wọn ò ní kí n sọ ọ́. Wọn ò ní kí n má sọ ọ́. Kí wá ni kí n ṣe?

Sọ́ńdè, 25/8

Òjò. Òjò lásán. Mi ò rí nǹkan fi kún un.

Túsìdé, 27/8

Mo sọ ọ́.

Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, láìbu iyọ̀ sí i, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Àfikún, o tún ti bẹ̀rẹ̀." Mo ní mo fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo fi Ọlọ́run búra pé ọ̀nì wà nínú gọ́tà Ìgàndó.

Òótọ́ ni. Mo búra bẹ́ẹ̀.

Mo gbé fóònù fún wọn. Wọ́n wo ojú inú fọ́tò náà, wọ́n ní ó jọ ọ́, èèyàn máa ń jọra. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n wá wo bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n fi padà.

"Igun yẹn."

Igun bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ti ẹnu ẹ̀ bọ abẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ ewé mọ́ínmọ́ín. Bí Ìyá ṣe máa ń tẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn kí oníbàárà lè rí i látìta. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mi ò rí i níbòmíì rí.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọmọ ọdún méje ni."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Wẹ́sìdé, 28/8

Aṣọ ìrọ̀rí méje. Máṣíìnì ò dún lónìí. Wọ́n ti mú fọ́tò kúrò lára ògiri.

Tọ́sìdé, 29/8

Ìyá ò jẹun ọ̀sán. Bàbá mi ní kí ni mo sọ fún ìyá àwọn. Mo ní òótọ́. Wọn ò gbà mí gbọ́.

Báàgì ṣì wà ní pálọ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Ọjọ́ Túsìdé ni bàálù. Ṣé wọ́n ń lọ àbí wọn ò lọ mọ́? Mi ò lè bi wọ́n.

Jímọ̀, 30/8

Ìyá ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n pè mí. Kí n mú fóònù wá. Wọ́n ní kí ni mo dá ìyá tó ni ológbò lóhùn lọ́jọ́ yẹn.

Mo sọ fún wọn.

"O sẹ́ ẹ."

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí, mo rò pé ojú á tì yín. Wọ́n ní ojú tì àwọn lóòótọ́. Kì í ṣe ti bẹ́ẹ̀dì ló ń ti àwọn lójú. Wọ́n ní ta ló sọ fún gbogbo Egan pé nọ́ọ̀sì ni? Ta ló gbé fọ́tò kọ́? "Èmi ni mo gbé irọ́ lé ọmọ náà lórí. Ó ń rù ú láti ọdún mọ́kànlá, kó má baà já mi kulẹ̀."

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀, kí gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rí i. Bí wọ́n ṣe pè é nìyí:

Èmi ni Sìdíkátù. Rashidat tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, èmi ni mo bí i. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ igun yẹn. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ rántí ẹ̀.

Mo ní ṣé ó parí? Mo ní ó yẹ kí á fi ọba kan ṣoṣo sí i, ọba tí dírẹ́bà ẹ̀ wá yẹn. Wọ́n wò mí.

"Hamdalah."

Kì í ṣe Àfikún. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Sátidé, 31/8

Láti àná, Ìyá Ológbò ti kọ ìwé gígùn, Bàbá Gíláàsì ti kí wa, gbogbo wọn ti kí wa. Àǹtí ò sọ nǹkan kan. Mo wo fóònù ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kan. Ó dáa, ogún ìgbà.

Ọ̀sán yìí ni èsì wọn wọlé. Wọ́n ní kí n kà á fún Ìyá. Àwọn ti bẹ ọ̀gá àwọn, wọ́n ti fi yàrá Ìyá sí ara èyí táwọn ń tọ́jú. Kí Ìyá má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn fúnra àwọn làwọn máa wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn láràárọ̀, ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n ń fún àwọn ní yàrá kan, àmọ́ àwọn á tẹ́ ẹ dáadáa.

Ìyá wà nídìí máṣíìnì. Ìkẹjọ ni wọ́n ń rán.

"Ogún ìṣẹ́jú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárọ̀, àti nírọ̀lẹ́.

Wọ́n rán igun kan parí, wọ́n já òwú. Wọ́n ní kí n sọ fún un kó má ṣèyọnu, táwọn bá ti kírun àsùbáà tán, àwọn á ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà kó tó dé.

Mo ní Ìyá, iṣẹ́ wọn ni, wọ́n ń sanwó fún wọn lórí ẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni. "Tó bá wọlé, tó bá bẹ́ẹ̀dì ní títẹ́, kí ló fẹ́ fi ogún ìṣẹ́jú yẹn ṣe?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Á jókòó."

Mo kọ ọ́ sí Àǹtí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìyá ní kí n wá bá àwọn di báàgì.